Omi ìgbín tàbí ẹ̀jẹ̀?

Ìgbín mẹ́rìnlá la rà lọ́jọ́ Sátidé nílé Ìyá àgbà ní Ọ̀mù-Àrán. Èmi ń fọ́ ìdí ìkarahun, àwọn ń fà á yọ, wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ títí kò fi yọ̀ mọ́.

"Má da omi yẹn nù o," ni wọ́n ní. "Omi ẹ̀rọ̀ ni. Ìgbín kì í lẹ́jẹ̀."

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì ò lè dákẹ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an ló wà nínú abọ́ yẹn.

"Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ wo ló rí báyìí?"

Mo gbé abọ́ funfun náà sójú oòrùn. Ó ṣe búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò aró. Irin ló ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, òun ló jẹ́ kó pupa. Bàbà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ìgbín, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún akàn. Bí atẹ́gùn bá ti kan bàbà yẹn, búlúù ló ń dà.

Ti tata àti aáyán tún yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gbé atẹ́gùn ní tirẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, kì í ṣe imú. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí aáyán tí orí rẹ̀ já ṣì wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan. (Ẹ má dán an wò nítorí tèmi.)

"Ekòló ńkọ́?"

Há, ekòló! Ẹni tí a fojú di jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa bíi tiwa. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara tó tutù ló fi ń mí. Bí awọ yẹn bá gbẹ, ó parí fún un. Ó tiẹ̀ tún ní iwe, bíi ti adìẹ. Àwọn méjèèjì ò léyín, yanrìn tí wọ́n gbé mì ló ń bá wọn lọ oúnjẹ níbẹ̀. Ìgbín ní tirẹ̀ ní eyín ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ahọ́n. Ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ẹ̀jẹ̀ tí o wí yìí, ṣé ó gbóná?"

Mo ti ìka bọ abọ́. Ó tutù.

"Ẹ̀rọ̀ náà ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi àwo dé e.