Òkúta róbótó Mọ́mì

Iwájú ilé Dádì wa n'Íbàdàn, láti géètì dé ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, ilẹ̀ pupa gbáà ni, tójò bá ti rọ̀ báyìí táyà á kàn máa yí lójú kan ni, gbogbo wa á sì jáde wá ti mọ́tò pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Owó ìńtálọ́ọ̀kì ò sí, ni Dádì bá ní ká ra òkúta dà síbẹ̀.

Bíríkìlà wá wò ó, ó ní gíráńáìtì tíríkótà ni ká rà, èyí tí wọ́n fọ́ ní kúárì, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú, bí mọ́tò bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni á máa há mọ́ra wọn, ká wá da sítóńdọ́ọ̀sì, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òkúta, lé e kó wọ àárín ẹ̀.

Mọ́mì ní rárá o. Wọ́n ti rí òkúta kan níwájú òtẹ́ẹ̀lì níbi ìgbéyàwó kan, róbótó-róbótó, ó ń dán bí ẹyin àparò, àwọn ò lè máa jí wo òkúta eérú bí ẹni ń gbé lẹ́bàá títì. Bíríkìlà ní "Mọ́mì, odò ni wọ́n ti kó ìyẹn o, omi ti bó gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tán, kò lè di ara ẹ̀ mú, yíyí ló máa máa yí." Mọ́mì ní ṣé òun ló fẹ́ máa gbébẹ̀ ni? Èmi ò dá sí i, ẹni tó bá ṣì fẹ́ jẹun nílé yẹn kì í bá Mọ́mì jiyàn.

Odindi típà kan ni wọ́n rà. Àwọn lébìrà tẹ́ ẹ títí tó fi ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ó rẹwà lóòótọ́, Mọ́mì ya fọ́tò ẹ̀ sí sítétọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin, Bíg Mọ́mì, ni àlejò àkọ́kọ́. Mọ́tò wọn wọ géètì báyìí, ó rì. Dírẹ́bà wọn tẹ iná mọ́ ọn, háà, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí fò, pá! pá!, adìẹ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, òkúta kan fọ́ gílásì wíndò yàrá Mọ́mì gan-an. Bíg Mọ́mì ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn ín, pẹ̀lú bàtà gogoro o, ìṣísẹ̀ kejì, bàtà kan ti há sínú òkúta, àwọn fúnra wọn ti dì mọ́ dírẹ́bà lọ́rùn, gèlè ti bo ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì ni wọ́n fúnra wọn pe bíríkìlà pé kó wá kó o kúrò. Dádì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àṣé àbúrò mi tó máa ń yọ́ wọlé lóru, òkúta yẹn ti tú u fó, tó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e báyìí, ṣàkà-ṣàkà, Dádì á ti pariwo látorí bẹ́ẹ̀dì, "Aago mélòó lo ń wọlé yìí?"

Orí fẹ́ǹsì ló ń gbà wọlé báyìí.