Sípíkà méjì, pákó arère àti ẹ̀yìn Micra

Ọmọ tó ń ta jìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ orin wa ló fà á tí mo fi wá kan àpótí sípíkà jìtá tuntun. Lọ́jọ́ Sátidé kan, áńpù tirẹ̀ kọ̀, kò tàn, ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun so béèsì mọ́ tèmi fún orin mẹ́ta péré. Orin mẹ́ta di títí àwọn alásè fi ń palẹ̀ ìkòkò mọ́. Nígbà tí mo so jìtá mi mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, sípíkà ti ń wúkọ́. Mi ò bínú sí ọmọ náà jù, torí èmi ló yẹ kí n mọ̀. Okùn tó nípọn jù lára jìtá, 82 Hz ló ń lù, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ohùn ń rẹlẹ̀ tó. Okùn E ti béèsì, tó nípọn jù lára rẹ̀, 41 ni. Bébà ojú sípíkà jìtá fúyẹ́, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń fò síwá sẹ́yìn kọjá agbára rẹ̀, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn bébà, á fẹ́ yọ kúrò lójú ihò rẹ̀, á sì máa ha ara òòfà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún sípíkà ṣe. Ó pààrọ̀ bébà àti kọ́ìlì, ó dún fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà sídìí ikọ́. Ni ọ̀gbẹ́ni yìí bá gbé òmíràn jáde fún mi. 500 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, òòfà rẹ̀ tóbi bí ìdí odó. "Ọ̀gá, èyí ò lè jó láéláé." Òótọ́ ló sọ, kò jó. Kò kàn dún náà ni.

Ibí yìí lowó mi ti wọmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Wáàtì tó wà lẹ́yìn sípíkà, ìwọ̀n agbára tó lè gbà mọ́ra kó tó jó ni. Kò sọ bó ṣe máa dún sókè tó. Nọ́ńbà tó yẹ kéèyàn béèrè ni dB: bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó téèyàn bá fún un ní wáàtì kan, tó sì dúró ní mítà kan sí i. Ẹ wo àwọn sípíkà jìtá Celestion, ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba. Vintage 30 ń gba 60 wáàtì, 100 dB ló ń mú jáde. G12T-75 ń gba 75 wáàtì, 97 ni tirẹ̀. Èyí tí wáàtì rẹ̀ kéré ló ń dún jù. Bí dB bá sì ti fi 3 dín, ẹ ní láti sọ agbára áńpù di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó rí ohùn kan náà gbà. Tí áńpù oní-50 wáàtì bá wà lórí sípíkà tó jẹ́ 97, 200 wáàtì lẹ máa nílò kí èyí tó jẹ́ 91 tó lè bá a dọ́gba. Ẹni tó ta ti 500 fún mi, mo bi í léèrè dB. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló ní dB.

Ìyẹn nìkan kọ́. Sípíkà gbọ̀ngàn nìyẹn, irú èyí tó ń retí twíítà, sípíkà kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó bá a gbé ohùn tínrín. Ti jìtá kò retí ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ á dún dé nǹkan bí 5,000 Hz, á sì dúró síbẹ̀. Ìdúró yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dùn létí. Lórí èyí tí mo rà, jìtá mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìborùn di ẹnu. Mo fi twíítà kún un, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo tẹ pẹ́dàlì tó ń mú ohùn ha, ó dà bí oyin tó há sínú agolo.

Orin jùjú la ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ti fetí sí bí jìtá mẹ́ta mẹ́rin ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Olóyè Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé mọ̀ pé kálukú wọn ní láti mọ́ kedere bí omi àmù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo ọjà ni. Torí náà ni mi ò ṣe wo ọ̀nà Greenback, Celestion mìíràn tó jẹ́ 25 wáàtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onírọ́ọ̀kì fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Wọ́n fẹ́ràn bó ṣe ń tètè ha. Èmi ò fẹ́ kó ha rárá. G12T-75 ni mo lọ wá.

Ọjà Aláàbà l'Ékòó ni mo ti rí méjì, tòkúnbọ̀, tí wọ́n tú nínú àpótí sípíkà Marshall kan tó ti fọ́. 16 ohm ni wọ́n kọ sí wọn lára, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Mo fi mítà wọ̀n wọ́n, ó gbé 12 lé díẹ̀. Mo ti ń kó owó mi padà sápò kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàrà, ní Abẹ́òkúta níbí, tó ti ń ta jìtá kí n tó dáyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wáyà lásán ni mítà yẹn ń wọ̀n. Iye tí wọ́n kọ, ti ìgbà tí orin bá ń gba inú ẹ̀ kọjá ni. 16 tó gbé 12 tàbí 13, ara ẹ̀ le. Fi ìka mẹ́rin ti ojú ẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, kó o gbọ́ bóyá ó ń ha." Mo tì í, kò ha. Mo sanwó.

Méjì oní-16 téèyàn so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, á di 8, iye tí áńpù mi ń fẹ́ gan-an. Ká ní mo so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni, 32 ni ì bá dà, ohùn á sì rẹlẹ̀. Áńpù tèmi, oní-tiransísítọ̀ ni: ó lè fara da kí ohm pọ̀ jù, àmọ́ tó bá kéré ju iye tí wọ́n kọ, á gbóná, á sì kú. Ti ẹ̀gbọ́n mi, oní-gílóòbù, irú ti àtijọ́ tó ń lo túùbù onígíláàsì, kì í gba àṣìṣe. Ohm gbọ́dọ̀ bára mu, wọn kì í sì í tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tàn án bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣì ń sọ iye tí tiransífọ́mà ná wọn títí dòní.

Ó wá ku àpótí. Kí n tó yàwòrán ohunkóhun, mo lọ wọn ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ọkọ̀ Micra. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Abẹ́òkúta, ẹrù tí kò bá wọ ẹ̀yìn Micra, orí lẹ máa fi gbé e gun òkè. Àpótí náà á jẹ́ 28 ínǹṣì ní ìbú, 20 ní gíga, 11 ní jíjìn. Ibẹ̀ ni mo fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí.

Bàbá káfíńtà mi wà ní Adátán. Mo ní ìrókò ni mo fẹ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o fẹ́ máa gbé e kiri ni, àbí o fẹ́ fi ṣe àpótí ẹrù ìyàwó?" Wọ́n fa pákó arère jáde, mo fi ọwọ́ kan gbé e. Nígbà tó yá ni mo rántí pé igi páìnì tó fúyẹ́ ni Fender, ilé iṣẹ́ áńpù ti Amẹ́ríkà, fi ṣe àpótí wọn láyé àtijọ́, ọkàn mi bá balẹ̀. Pákó iwájú tí sípíkà jókòó lé nìkan la fi pláìwúùdù tó nípọn tó 18 mìlímítà ṣe, kó má baà là.

Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́ṣẹ̀. Bàbá bi mí pé báwo ni ihò ṣe máa fẹ̀ tó. Mo ní sípíkà oní-12 ínǹṣì ni. Wọ́n gé ihò méjì, 12 ínǹṣì géérégé, ó rí roboto bí òṣùpá. A gbé sípíkà lé e, ojú ihò súkúrúù gbogbo bọ́ sórí òfo. Ta ló sọ fún mi pé etí irin sípíkà wà nínú 12 yẹn? Ihò gidi jẹ́ 283 mìlímítà, ínǹṣì 11 lé díẹ̀. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn pe ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ ra pláìwúùdù míì, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi fún owó.

Ẹ̀yìn àpótí, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta la tò ó sí, ti àárín ṣeé tú. Tó bá ṣí, ohùn á máa gba ẹ̀yìn jáde, á fẹ́lẹ̀, á sì tàn káàkiri. Tó bá dí, ìsàlẹ̀ á le, ohùn á sì dojú kọ iwájú nìkan. Mo rò pé gbangba ni màá ti máa ṣí i. Irọ́ ni. Lábẹ́ kánópì, kò sí ògiri tó máa dá ohùn ẹ̀yìn padà, ìsàlẹ̀ bá bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìta ni mò ń dí i báyìí, mo sì ń ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí onídùrọ́ọ̀mù tó jókòó lẹ́yìn mi tilẹ̀ ń kùn.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti Ìtòkú ni mo fẹ́ fi bo ojú sípíkà. Mo gbé e sẹ́nu, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò kọjá. Aṣọ tí èémí ò bá lè gbà kọjá, ohùn tínrín máa há síbẹ̀ ni. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí lóde dípò rẹ̀, mo kun fáníìṣì lé e, aṣọ tó ní ojú gbàgàdà ló wà níwájú. Ìyàwó mi ní owó ìró òun ni mo fi wọ pákó láṣọ. Mo ní màá rà á padà. Mi ò tíì rà á.

A tàn án, ó dún, ṣùgbọ́n kò ní inú. Mo fa tóònù síwá sẹ́yìn, pàbó. Nígbà tó yá mo yọ bátìrì kan lára aago ògiri, mo fi kan ẹnu wáyà. Sípíkà kan fò síwájú, èkejì fà sẹ́yìn. Mo ti gbé pupa àti dúdú fún ara wọn lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n ń pa ohùn ara wọn. Mo tún un so, ìsàlẹ̀ padà wálé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aago yẹn kú fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí.

Mo tún kọjá ní Adátán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pláìwúùdù oníhò 12 ínǹṣì yẹn ti di iwájú ilé adìyẹ Bàbá. Wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì sí ihò méjèèjì, àkùkọ kan ń yọjú láti inú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.