Gègé Wà Lọ́wọ́ Ta?

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́

Orúkọ tí a ó sọ ìwé ìròyìn wa ló gba gbogbo ọ̀sán òní mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnì kan fẹ́ kí "ọbabìnrin" wà nínú rẹ̀, ẹlòmíì ní ká fi òdòdó sí i. Mo dákẹ́ ní tèmi. Orúkọ á wá. Ohun tó ká mi lára ni gbólóhùn tí a fi síwájú ìwé àlàyé wa, pé a fẹ́ fi ìwé yìí ró àwọn ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ lágbára. Ó dùn létí. Àmọ́ tí ọmọbìnrin kan bá kà wá tán, kí ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tó bá ṣe ìyìn lásán ni, pé o rẹwà, o gbọ́n, má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, káàdì ọjọ́ ìbí náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àpilẹ̀kọ kan tí mo ń bá ọmọ kan tún ṣe ló jẹ́ kí n rí ìdáhùn. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ lórí ohun tí wọ́n sọ sí irun rẹ̀ níbi iṣẹ́. Bó ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ nìyí: "Wọ́n ní irun mi kò bójú mu, inú mi sì bàjẹ́." Mo kọ ìbéèrè sétí ìwé: Ta ni "wọ́n"? Níṣojú ta? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ nígbà náà? Kí lo fi dá a lóhùn? Nígbà tó máa fi dá a padà, ọ̀gá rẹ̀ ti dúró sínú àpilẹ̀kọ náà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ń bi í níwájú gbogbo wọn bóyá irun dídì yẹn náà ló máa gbé wá pàdé àwọn oníbàárà lọ́la. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni: "Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín."

Ó pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín yẹn. Ojú ń tì mí."

"Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ ìwọ lo ni ín. Tó o bá ní ká yọ ọ́, a ó yọ ọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà."

Kò sẹ́ni tó kí i pé ó láyà. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu ohun tí ayé máa kà nípa rẹ̀. Lójú tèmi, agbára tí a ń sọ nìyẹn, ó sì ń gba àkókò ju bí a ṣe ṣírò rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1853, obìnrin adúláwọ̀ kan, Mary Ann Shadd, dá ìwé ìròyìn Provincial Freeman sílẹ̀ ní Kánádà. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, àmọ́ orúkọ ọkùnrin kan, Samuel Ringgold Ward, ló kọ́kọ́ fi sí ipò olóòtú, torí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò ní fẹ́ gbà á lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tó wá fi "M. A. Shadd" síbẹ̀, àwọn kan ń kọ lẹ́tà sí "Ọ̀gbẹ́ni Shadd"! Ní 1891, Julia Ringwood Coston gbé ìwé ìmúra àwọn obìnrin adúláwọ̀ jáde ní Cleveland, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà: Ringwood's Afro-American Journal of Fashion. Essence, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin adúláwọ̀, ní tirẹ̀ jáde ní New York ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970. Ọkùnrin mẹ́rin ló dá a sílẹ̀ (mo máa ń rẹ́rìn-ín síyẹn), àmọ́ obìnrin, Ruth Ross, ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2005, ó ti bọ́ pátápátá sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Time. Ọdún 2018 ló tó padà sọ́wọ́ adúláwọ̀, nígbà tí Richelieu Dennis rà á.

Owó ló ń pa irú ìwé báyìí. gal-dem, tí Liv Little bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kógbá sílé ní 2023, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìfẹ́ kì í san owó atẹ̀wé.

Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà lọ́dọ̀ wa kò wọ́n. Ẹni tí a lè gbà ló wọ́n. Ìpolówó ìpara tí wọ́n fi ń bóra kún inú ìwé ìròyìn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìran dúdú ga. Àwọn tó ń ta ìpara náà lónìí kàn sọ ọ́ lórúkọ mìíràn ni, wọ́n ní ó ń mú ara dán. Ọ̀kan nínú wa ní owó kì í rùn. Mo ní èyí ń rùn. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé fún wa ló máa gbowó, bó ti wù kó kéré tó. Ó ti sú mi kí wọ́n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé orúkọ rẹ̀ á tàn. Onílé kì í gba òkìkí dípò owó ilé.

Atẹ̀wé ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí pé ṣe ni wọ́n máa ká ìwé náà sí méjì, tí wọ́n á fi wáyà gún un láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Tiwa jẹ́ 34. Ẹnì kan dábàá pé ká gé àpilẹ̀kọ irun yẹn, torí òun ló gùn jù. Mo tún un kà látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tí mo lè fi ọ̀bẹ kàn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú olóòtú, tí mo ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ojú ìwé méjì géérégé ni. Mo ti yọ ọ́. 32 la máa tẹ̀.