Ibi tí àwòrán ti ń fò

Àkúrẹ́, alẹ́ Sátidé.

Ọmọ iṣẹ́ bàbá oníkásẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́, nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò bàbá mi lọ bá wọn. Ó rò pé n kò gbọ́. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, àbí kì í ṣe fíìmù kan náà ni?"

Láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rìn mí lára bí èèrà. Mo ra ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, òjò pa mí ní Arákàlẹ̀, mo délé, mo sebẹ̀, mo jẹun. Ó tán.

Fíìmù kan náà kẹ̀! Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti fà á fẹ̀ kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ìwòyí, ojú gbogbo èèyàn inú rẹ̀ wá rí bíi ti ẹni tí oyin ta. Nọ́ńbà fóònù kan ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀, tí bàbá mi máa ń torí ẹ̀ pe gbogbo wa jáde láti ilé ìdáná, ó ti gé e dànù, ó fi dùùrù kan tí kò mọ ohun tó ń sọ rọ́pò. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ má bàa mú un ni. Olè ń sá fún ọdẹ, orin tèmi ló gbé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ fíìmù tí mò ń wí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi má tún pè mí lóru.

Bàbá oníkásẹ́ẹ̀tì ò dá ọmọ náà lóhùn. Wọ́n ṣí ètè kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Etí téèpù inú rẹ̀ ti funfun, bíi pé ẹnì kan fi ìka kan èlùbọ́, ó wá fi nù ún. "Ó ti bu," wọ́n ní. "Tóo bá kì í bọnú ẹ̀rọ báyìí, ẹ̀rọ ọ̀hún ni wàá sin." Wọ́n yí i dé, wọ́n fi súkúrù márùn-ún tó wà nídìí rẹ̀ hàn mí. Kí n tú u, kí n máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi òwú àti sípírítì nù ún. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mi ò ná an.

Ṣé olè nìkan ló tiẹ̀ ń fọwọ́ kan iṣẹ́? Ní 1988, George Lucas tó ṣe Star Wars lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ tako àwọn tó ń kun fíìmù àtijọ́ láwọ̀, tí wọ́n ń yí i padà. Nígbà tó di 1997, òun náà kó tirẹ̀ jáde, ó ti tún un ṣe. Ẹni tí Han Solo, akọni inú fíìmù náà, yìnbọn pa lójú gbogbo ayé ní 1977, òun ló wá kọ́kọ́ yìnbọn báyìí. Ariwo ta. Ní 2006 ni ti àkọ́kọ́ tó jáde lórí DVD, àfikún ni wọ́n sì fi ṣe. Inú ẹ̀dà LaserDisc 1993, àwo fídíò ayé àtijọ́, ni wọ́n ti yọ ọ́, kò dán tó èyí tuntun. Ìyálé, ẹ lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìn.

Ohun olóhun kúkú ni. Ó lè ṣe é bó ṣe wù ú. Bàbá Sàlá ò rí irú ẹ̀ yàn: Ọ̀run Móoru tó jáde ní 1982, àwọn olè dà á sórí fídíò, gbèsè sì kú sí bàbá lọ́rùn. Ẹni tó jẹ́ pé fídíò olè yẹn ló kọ́kọ́ wò, èwo ni ojúlówó lójú tirẹ̀?

Mo bi ara mi ní ìbéèrè yẹn níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ọwọ́ mi sì dúró.

Torí kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi, ṣé òun ni ojúlówó? Aládùúgbò wa kan ní Ìjọ́kà ló dà á fún wọn, ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjì pọ̀. Níbi tí ìyá arúgbó kan nínú fíìmù náà ti ń sọ igbá kalẹ̀, àwòrán á fò, ìlà funfun á gba ojú rẹ̀ kọjá, igbá á ti wà nílẹ̀. Bí fíìmù bá parí, bọ́ọ̀lù kan tó ti wà lórí téèpù náà tẹ́lẹ̀ á yọ láàárín méjì. A ò mọ ẹni tó ń gbá a. Bàbá mi á ní ká jókòó, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa gbá a wọlé lónìí.

Bí wọ́n bá gbé èyí tó mọ́ jù láyé fún mi, tí orin rẹ̀ pé, màá ṣì máa retí kó fò níbi igbá yẹn. Kò sì ní í fò.

Àmọ́ ọmọ yẹn ò mọ ìyẹn o. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Àbí… kí ló sọ gan-an?

Iná ti lọ. Mo ti tú kásẹ́ẹ̀tì náà sórí ìwé ìròyìn, mo kó súkúrù rẹ̀ sínú ìdérí mílíìkì. Sípírítì ò sí nílé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kà wọ́n, mẹ́rin ni mo rí.