Wọ́n Ní Ṣebí Olùkọ́ Ni Mí

Sátidé, alẹ́.

Ẹsẹ̀ ń ro mí, ohùn mi ti há, àmọ́ mo fẹ́ kọ eléyìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bó ṣe rí lára mi. Lónìí, níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, èmi ni mo ṣe alága ìjókòó.

Màmá Bódìjà ló fà á. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí alága tí wọ́n kọ́kọ́ pè fẹ́ gbà, wọ́n pa fóònù, wọ́n wo pálọ̀ yíká, ojú wọn sì bà lé mi. "Ìwọ, ṣebí olùkọ́ ni ẹ́? Ṣebí ẹnu lo fi ń jẹun?" Ta ni yóò bá Màmá Bódìjà jiyàn? Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," bí ẹni pé wọ́n ta mí lọ́rẹ.

Olùkọ́ ni mí lóòótọ́. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS. Kíláàsì wọn a kún dẹ́nu, ariwo wọn a dé gẹ́ètì, n kì í mikàn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, èmi ni mo mọ̀ jù. Níbi ìdána, àwọn tó mọ̀ jù mí lọ ló ń jókòó síwájú: àwọn bàbá tó lè gba òwe mọ́ ọ lẹ́nu kí o tó parí rẹ̀, àwọn ìyá tó mọ oríkì ìdílé méjèèjì látòkèdélẹ̀. Ká ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa lápapọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mi ò bá sùn fọnfọn lánàá. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo tó gbọ́ Yorùbá dénú tó láti lé oorun lójú mi.

Nígbà tí oorun kọ̀ tí kò wá, mo gbé fóònù, mo ń ka ìtàn Ọba George Kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára kọ́bọ̀ onihò tí bàbá mi àgbà tọ́jú sínú agolo. Kó tó jọba, ní October 31, 1925, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìparí níbi àfihàn ńlá kan ní Wembley. Ó ń kólòlò. Ìyà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà jẹ ẹ́, ó sì jẹ àwọn tó ń gbọ́ ọ níyà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ bá Lionel Logue, ará Ọsirélíà kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ó ṣe máa mí àti bí wọn ó ṣe máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó di September 3, 1939, tí ogun bẹ́, tí ọba sì ní láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, Logue ló dúró tì í nínú yàrá. Èyí ló wọ̀ mí lára jù. Ọba tó ní ọkọ̀ ogun lórí omi òkun gbogbo, ó ṣì nílò ẹnì kan tí yóò dúró tì í. (Mi ò da kíkólòlò pọ̀ mọ́ ojora o. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń kólòlò, òun gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè.)

Láàárọ̀, kí n tó wé gèlè tán, ọwọ́ mi ti tutù, ẹnu mi ti gbẹ, inú mi ń rú. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ti là á yé mi rí. Ó ní nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó máa ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀rù bá bani. Ọkàn a máa sáré, ẹ̀jẹ̀ a fi awọ sílẹ̀, a ya lọ síbi àwọn iṣan ńláńlá tó ń gbé ẹsẹ̀ àti apá, kí èèyàn lè sá tàbí kó jà. Itọ́ a sì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún ẹni tó pàdé ejò lọ́nà oko. Ara ò mọ̀ pé àwọn àna lásán ló ń bọ̀.

Wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, ó han gooro, gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí mi. Mo ti kọ ìkíni aláràbarà kan sínú ìwé, n kò tilẹ̀ ṣí i. Ìbà ló jáde.

"Mo júbà ẹ̀yin bàbá, mo júbà ẹ̀yin ìyá. Ìbà àgbà, ìbà ọmọdé. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Kí ìbà mi ó ṣẹ o!"

"Ìbà á ṣẹ!"

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí yìí. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé oníjàálá kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà, pé ọ̀jẹ̀, ìyẹn eléégún, tó ń pe ẹ̀sà kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, láti wá ààbò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí mo rí ohun tí ìbà ń ṣe fún àyà ẹni tó ń júbà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí pé o ń wá ohun tí wàá sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ láti kékeré. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń dá ọ lóhùn, ìwọ ń mí. Ohùn wọn gùn tó kí èémí mi fi padà sí àyè rẹ̀. Àwọn bàbá tí mò ń sá fún sì ti fi ẹnu ara wọn sọ pé ó máa ṣẹ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tún yí padà kí wọ́n di adájọ́ mi? Bàbá tó jókòó síwájú pátápátá, tí ojú rẹ̀ le jù lọ, òun ló ké "á ṣẹ" kíkankíkan.

Látibẹ̀, ó rọrùn díẹ̀. Alága ìdúró jẹ́ ògbólógbòó, ó ń kọrin, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà ń dá a padà. Àwọn ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀, a ní kò tó, wọ́n tún un ṣe. N kò fẹ́ràn bí àwọn alága mìíràn ṣe ń fi gbogbo nǹkan wọ̀nyí fa owó títí oòrùn á fi wọ̀, nítorí náà mo tètè jẹ́ kí wọ́n dìde.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyàwó jáde láti ka lẹ́tà. Ọmọ náà gbé ìwé, ìwé ń gbọ̀n, máìkì sì ń gbé ìró rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ó kà dé "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n," ohùn kò jáde mọ́. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo gba máìkì, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ọ̀nà jíjìn, ojú ọmọ wa ò ríran. Ẹ ò tíì fowó nu awò ojú rẹ̀!" Ilé pa ẹ̀rín. Àwọn ẹbí ọkọ tò wá, wọ́n ń ná an lówó, ilù ń dún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí: "Mí síta. Díẹ̀díẹ̀. Mú ojú ẹnì kan péré." Ó mú ojú ìyá rẹ̀. Nígbà tí owó tán nílẹ̀, ó ka lẹ́tà náà dópin, ó tilẹ̀ tún ibi tó dùn níbẹ̀ kà.

Ìyàwó mú Bíbélì láàárín ẹrù, òrùka wà nínú rẹ̀, a jó, a jẹun.

Nígbà tí mo ń tú gèlè, Màmá Bódìjà wọlé, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ ṣe ìdána lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó má wá alága kiri. Mo bi wọ́n pé èló ni wọ́n bá mi ṣàdéhùn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Owó kẹ̀? Ṣebí olùkọ́ ni ẹ́."

Mo ní tó bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́, mà, màá gbowó.