Kí ló dé tí Michael tún jókòó?

Ẹ gbọ́ o, fíìmù ló dá ìjà sílẹ̀ lálẹ́ àná ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun ní Sábó, Ìkòròdú níbí. The Godfather ni wọ́n fi sí i, èyí tí Coppola ṣe ní 1972, a wá dé ibi tí Michael, ọmọ ọ̀gá màfíà, ti ń bá Sollozzo, ọ̀tá bàbá rẹ̀, àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan jẹun, tó sì fẹ́ pa àwọn méjèèjì. Bọ̀dá tó ń gẹrun fún mi bá dá klípà dúró, orí mi ò tíì dé ìlàjì o, ó ní ṣebí wọ́n ti sọ fún un pé tó bá ti ń jáde ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé ìbọn pamọ́ sí fún un, kó yìnbọn ni, kí ló tún lọ jókòó ṣe? Ó ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀gbọ́n kan lẹ́nu ọ̀nà ní irọ́ ni, ẹ gbọ́ ariwo rélùwéè yẹn, a ò rí ọkọ̀ kankan àmọ́ ó ń le sí i, inú orí Michael ló ti ń dún. Ti ẹ̀gbọ́n yẹn ni mo gbè, ẹ wo ojú Al Pacino tó ṣe Michael, ó ń yí síbí sọ́hùn-ún, Sollozzo ń sọ̀rọ̀ àmọ́ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹni tó jókòó yẹn ṣì lè padà sílé, ìgbà tó dìde ló tán. Bọ̀dá ní gírámà nìyẹn, ìbọn gan-an ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn tó yìn ín tán, ṣé ẹni tẹ́rù ò bà nìyẹn? Mi ò rí èsì fún un. Ibẹ̀ la wà tí iná fi lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, fìlà ni mo dé lọ sílé.