Arákùnrin kọ́ ni Radha ń pè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtumọ̀ fíìmù, fíìmù kan ṣoṣo ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Pasamalar ni wọ́n ń pè é. Fíìmù Tamil ni, láti Madras tó di Chennai lónìí, ní gúúsù Íńdíà. Ọdún 1961 ló jáde. A. Bhimsingh ló darí rẹ̀. Sivaji Ganesan ló ṣe Rajasekaran, ẹ̀gbọ́n. Savitri ló ṣe Radha, àbúrò rẹ̀. Torí kí ọwọ́ mi lè mọ́ subtitle, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù, ni mo ṣe mú un. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni n ó fi parí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló gbà.

Ìtàn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Ọmọ òrukàn ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, àbúrò ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé nílé, ó sì ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, owó tí àbúrò kó jọ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì di olówó. Radha wá fẹ́ Anand, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí Gemini Ganesan ṣe. (Ọkọ Savitri gan-an ni Gemini yìí lóde fíìmù.) Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé wọ àárín wọn, tí ilé méjì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan fi tú ká.

N ò gbọ́ Tamil. Ìwé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé síwájú tí mo ń wò kọ. Ibi gbogbo tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pe Rajasekaran ní brother, èmi náà á kọ "arákùnrin mi". Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá a dúró, ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà ni?" Ó ní kí n dijú, kí n gbọ́ ohun tí Radha ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dijú. "Anna" ló ń pè.

Annan ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nínú Tamil, akka ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, thambi ni àbúrò ọkùnrin, thangai ni àbúrò obìnrin. O ò lè pe ọmọ ìyá rẹ láìjẹ́ kó hàn ta ló kọ́kọ́ dáyé. Ṣebí bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn? Wọ́n tún ní nee, wọ́n ní neenga, bí a ṣe ní "o" àti "ẹ". Tiwa àti tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, àfi Gẹ̀ẹ́sì tó dúró láàárín tó bọ́ ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ sílẹ̀ lára wọn. Láti ọjọ́ náà, n kì í tẹ ìlà kan kí n tó ya ìdílé inú fíìmù sórí ìwé: ta ni àgbà, ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ta. Ẹ máa yà á.

Etí nìkan kò sì tó. Mo gbọ́ "amma" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń bá Radha sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìyá ni amma, mo sì kọ "ìyá wa o!", bí ẹni pé òkú ìyá wọn ló ń ké pè. Ará Tamil kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lójú: àwọn àgbà a máa fi amma pe ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ràn. Ṣé ẹ rí bí bàbá ṣe ń wí fún ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rin pé, "ìyá mi, wá jẹun"? Òun gan-an ni. Ó dùn mí pé ohun tí mo ń gbọ́ nílé wa láti kékeré ni mo gbọ́ lódì.

Orin arẹmọlẹ́kún inú fíìmù náà ló wá fún mi níṣẹ́ jù. Kannadasan ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, T. M. Soundararajan àti P. Susheela ló fi ohùn kọ ọ́. Wọ́n ń wúre fún ọmọ: yóò kó ogun elérin, yóò jọba ayé, yóò sì fẹ́ ọmọ aththai rẹ̀. Aththai ni àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin. Lọ́dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ni. Mo bá kọ "wàá fẹ́ arẹwà ọmọge", mo sì kọjá lọ.

Ọ̀tọ̀ ni bó ṣe rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé Tamil. Láti ayébáyé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ti ń fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, iyì ló sì jẹ́. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ilé ti tú mọ́ lórí, kí ẹ tún gbọ́ ìwúre yẹn. Mo dá a padà: "ọmọ àbúrò bàbá rẹ ni wàá gbé níyàwó." Ìyá àgbàlagbà kan tó bá mi wò ó pariwo pé, "Èèwọ̀ o!" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Háà. Wọ́n fẹ́ fi ọmọ so ilé padà." N ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí Bhimsingh fúnra rẹ̀ gbé ìtàn yìí lọ sí èdè Hindi ní 1962, Rakhi ló pè é, orúkọ okùn tí obìnrin ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin lápá ibẹ̀. Pasamalar, òdòdó ìfẹ́ ẹbí, kò bá a dé ọ̀hún. Ẹ̀mí ọ̀rọ̀ ló gbé lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù ni Bhimsingh ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ Krishnan àti Panju, àwọn méjì tó jọ ń darí fíìmù, ó sì mọ bí ojú ẹni tó ń sunkún ṣe yẹ kó pẹ́ tó níwájú wa. Ní ìparí, ojú Rajasekaran ti fọ́ nínú ìjàm̀bá ọjọ́ Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì jọ kú. Ìlà mọ́kànlá ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mo pa mẹ́sàn-án rẹ́, ó ku méjì: "Ẹ̀gbọ́n mi." "Ìyá mi."